Ilẹ̀ lọ́tọ̀, epo lọ́tọ̀: ohun tó wà nínú líìsì epo ní Texas

Ní Nàìjíríà, bí epo rọ̀bì bá wà lábẹ́ oko bàbá ẹni, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Abala 44(3) òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ bẹ́ẹ̀, òfin ilé iṣẹ́ epo ti ọdún 2021, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí PIA, sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí wọ́n bá rí epo sí ilẹ̀ ẹbí kan ní Ìlàjẹ, owó gbà-má-bínú lórí igi, irè oko àti ilé ni ẹbí náà lè béèrè. PIA ní kí ilé iṣẹ́ epo máa san ìdá 3 nínú 100 owó tó ná sórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè agbègbè, àmọ́ àpò gbogbo ìlú nìyẹn, kì í ṣe ti onílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wá jókòó sí pálọ̀ onílẹ̀ kó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ iye tí ẹ máa gbà lórí àgbá kọ̀ọ̀kan."

Ní Texas, wọ́n máa ń wá jókòó. Òfin ibẹ̀ gbà pé aráàlú lè ni epo àti gáàsì tó wà lábẹ́ ilẹ̀, kó tà á, kó fi sílẹ̀ fún ọmọ, tàbí kó fi yá ilé iṣẹ́ epo nípa ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní líìsì. Ọmọ Yorùbá tó ra éékà mẹ́wàá sí ìgbèríko tí kò jìnnà sí Houston, tó rò pé kò sí wàhálà ilẹ̀ tí òun kò rí rí láti ìgbà ọmọ onílẹ̀ Ìkòròdú, á wá rí i pé èyí tún yàtọ̀. Ìwé ilẹ̀ rẹ̀ lè mọ́ kedere, kó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ni epo tó wà nísàlẹ̀.

Kí lẹ rà gan-an?

Òfin Texas pín ilẹ̀ sí méjì. Òkè ilẹ̀ wà, níbi tí ilé, oko àti màlúù wà. Ohun abẹ́ ilẹ̀ náà wà, ìyẹn epo, gáàsì àti irú wọn. Ẹnì kan lè ni méjèèjì, àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó ń ta ilẹ̀ máa ń kọ gbólóhùn kan sínú ìwé pé òun kò ta epo mọ́ ọn, tàbí pé ìdajì rẹ̀ lòun tà. Ká ní ẹnì kan fi ìdajì sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ní 1940, tí ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tún fi ìdajì èyí tó kù sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nígbà tó ń tà á ní 1978. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló bá ilẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá tún wá gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì fún ilé kíkọ́, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn ti kó gbogbo èyí tó kù sápò ara rẹ̀ kó tó ta pulọ́ọ̀tì kankan. Òdo lẹ rà nìyẹn.

Ìwé ìdánilójú tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ń fún ẹni tó ra ilẹ̀ kò gbani níbí, torí ó sábà máa ń yọ epo àti gáàsì sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni fọ́ọ̀mù kan tí àjọ tó ń bójú tó títà ilé àti ilẹ̀ ní Texas ṣe, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìwé àdéhùn bí ẹni tó ń tà bá fẹ́ fi epo sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí i lára ìwé yín, ẹ béèrè iye tó ń mú lọ kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Àmọ́ àìsí fọ́ọ̀mù yẹn kò túmọ̀ sí pé epo wà. Ẹni tó ń tà lè má ní nǹkan kan láti fi sílẹ̀.

Ọ́fíìsì akọ̀wé káńtì, ìyẹn agbègbè tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ni ìdáhùn wà. Gbogbo ìwé títà, ìwé ogún àti líìsì ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tò ó ní orúkọ ẹni tó tà àti orúkọ ẹni tó rà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tiyín, ẹ wá ẹni tó tà fún yín, ẹ wá ẹni tó tà fún onítọ̀hún, títí ẹ ó fi dé ìwé tí ìjọba kọ́kọ́ fi fún ẹnì kan ní ilẹ̀ náà. Ìjọba Spain tàbí ti Mexico ni níbòmíì. Bí ìwé kan bá sọnù láàárín, tàbí tí ẹnì kan kú tí ẹnikẹ́ni kò forúkọ àwọn ajogún rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni owó yín máa há sí tó bá yá.

Ẹ ka ìdá tó wà nínú àwọn ìwé àtijọ́ yẹn pẹ̀lú sùúrù. Ní 1924, ẹnì kan ta ilẹ̀, ó sì fi "ìdajì ìdá kan nínú mẹ́jọ" sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ìṣirò ilé ìwé á ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Nínú ẹjọ́ Van Dyke àti Navigator, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Texas ní ìdajì gbáko ni. Láyé ọjọ́un, rọ́yátì gbogbo líìsì, ìyẹn ìpín onílẹ̀ nínú epo tí wọ́n bá tà, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ, èèyàn á pe "ìdá kan nínú mẹ́jọ", gbogbo ohun abẹ́ ilẹ̀ ló ń bá wí. Ọdún 2023 ni wọ́n dá ẹjọ́ yẹn, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n kọ ìwé náà.

Bí ẹ bá wá rí i pé epo kankan kò sí lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Òfin Texas fi ẹni tó ni abẹ́ ilẹ̀ ṣe ọ̀gá fún ẹni tó ni òkè. Ó lè la ọ̀nà, kó gbé ẹ̀rọ wá, kó lo ìwọ̀n ilẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá nílò, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ẹjọ́ Getty Oil àti Jones ní 1971 dín agbára yìí kù díẹ̀. Àgbẹ̀ kan ní ẹ̀rọ abomirin tó ń yí káàkiri oko, ẹ̀rọ tó ń fa epo tí ilé iṣẹ́ náà gbé síbẹ̀ sì ga débi pé ẹ̀rọ abomirin kò lè kọjá. Ilé ẹjọ́ ní bí iṣẹ́ epo bá ń ba ohun tí onílẹ̀ ti ń fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀ jẹ́, tí ọ̀nà míì tó bọ́gbọ́n mu sì wà, kí ilé iṣẹ́ náà gba ọ̀nà yẹn. Ẹ kíyè sí "tẹ́lẹ̀" yẹn. Ilé tí ẹ ṣì ń gbèrò láti kọ́ kò sí níbẹ̀. Oklahoma tó múlé gbè wọ́n ní òfin láti 1982 pé kí ilé iṣẹ́ epo bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ owó ìbàjẹ́ kó tó gbẹ́ kànga. Texas kò ní irú rẹ̀. Ohun tó lè gba ẹni tó ní òkè nìkan ni ìwé tí ẹni tó ni abẹ́ ilẹ̀ fi jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti fọwọ́ kan òkè. Nísinsìnyí tí kànga ń wọlẹ̀ tán, tí á wá dùbúlẹ̀ rin máìlì kan sí mẹ́ta lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ló lè fún yín ní ìwé yẹn láìpàdánù nǹkan kan, torí wọ́n lè ti orí ilẹ̀ ẹlòmíì gbẹ́ ẹ.

Lẹ́tà tó dé

Bí epo bá wà lọ́wọ́ yín, landman ló máa ń kọ́kọ́ kàn sí yín. Òun ni ilé iṣẹ́ epo ń gbà láti yẹ ìwé wò ní káńtì kó sì bá onílẹ̀ dúnàádúrà. Èèyàn dáadáa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀yin ló ń san owó rẹ̀.

Ẹ wo àkòrí ìwé tó mú wá. "Oil and Gas Lease" ni ìyálò. "Mineral Deed" tàbí "Royalty Deed" ni títà pátápátá, ẹ̀yin àti ọmọ yín ti jáde nìyẹn. Lẹ́tà míì máa ń ní sọ̀wédowó nínú, owó tó tóbi díẹ̀ tó lè wọ èèyàn lójú. Ẹ má fi sí báǹkì kí lọ́yà tó ka gbogbo ìwé tó bá a wá. Ẹni tó fẹ́ ra epo lọ́wọ́ yín lójijì lè ti rí ohun tí ẹ̀yin kò tíì rí, bí ìwé àṣẹ gbígbẹ́ kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní ìtòsí yín.

Bó bá jẹ́ líìsì ni, owó ìbuwọ́lùwé tí wọ́n ń pè ní bónọ́ọ̀sì sábà máa ń wá gẹ́gẹ́ bí draft. Draft kì í ṣe sọ̀wédowó. Wọ́n lè kọ sórí rẹ̀ pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ báǹkì ni wọ́n máa san án, láàárín àkókò yẹn ni wọ́n á máa yẹ ìwé yín wò. Bí owó epo bá já wálẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé, draft náà lè padà láìsan, nígbà tí líìsì tí ẹ ti buwọ́ lù ti wà lọ́wọ́ wọn. Ní ìparí ọdún 2008, nígbà tí owó gáàsì ń já, àwọn onílẹ̀ ní agbègbè Barnett tó yí Fort Worth ká rí i bí iye tí wọ́n ti ṣèlérí fún wọn lórí éékà kọ̀ọ̀kan ṣe di àwátì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí líìsì tí ẹ buwọ́ lù wà lọ́dọ̀ lọ́yà tàbí báǹkì. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni kí ó jáde.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú líìsì

Lókè líìsì, ẹ lè rí "Producers 88". Wọ́n á ní, "Fọ́ọ̀mù tí gbogbo èèyàn ń lò nìyí." Irọ́ gidi kọ́, òótọ́ gidi kọ́. Orúkọ yẹn ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àmọ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ohun tó wù ú sábẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo ló kọ ọ́, ire ilé iṣẹ́ epo ló sì ń wá. Àwọn onílẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń so àfikún tiwọn mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á sì kọ ọ́ gbangba pé níbi tí àfikún àti fọ́ọ̀mù bá ti takora, àfikún ló lékè.

Líìsì ní apá méjì ní ti àkókò. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kí ilé iṣẹ́ náà fi wá owó, kó fi gbẹ́ kànga. Bí kànga bá ti ń mú epo jáde, apá kejì bẹ̀rẹ̀, kò sì lópin: líìsì á máa lọ bí epo bá ṣe ń jáde, ì báà jẹ́ ogójì ọdún. Ẹ wá gbólóhùn kékeré tó sọ pé ilé iṣẹ́ náà lè fi ọdún méjì kún apá àkọ́kọ́ ní iye bónọ́ọ̀sì kan náà. Ọdún mẹ́ta tí landman sọ lẹ́nu á wá di márùn-ún lórí ìwé.

Bónọ́ọ̀sì ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ síbi rẹ̀, torí owó ọwọ́ ni. Rọ́yátì ló wà pẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí epo ti ń jà lónìí ní Texas, ìdá kan nínú márùn-ún àti ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ń sọ. Kí ẹ gba ìdá kan nínú mẹ́rin dípò ìdá kan nínú mẹ́jọ jẹ́ ìlọ́po méjì owó oṣooṣù títí kànga á fi gbẹ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kànga òde òní máa ń já kíákíá. Ó lè pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wo sọ̀wédowó oṣù kìíní kó tó lọ yá owó kọ́lé ti gbé ẹ̀sẹ̀ sọ́nà tó yọ̀.

Ìdá nìkan kọ́ ni rọ́yátì. Ohun tí wọ́n ń mú ìdá náà nínú rẹ̀ ni ìjà wà. Gáàsì tó jáde lẹ́nu kànga kò tíì ṣeé tà. Wọ́n á yọ omi inú rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tì í mọ́ra kó lè wọ páìpù, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, wọ́n á tún gbé e lọ sọ́jà. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba owó. Bí líìsì bá sọ pé rọ́yátì jẹ́ ìdá kan lára iye ọjà "at the well", ìtumọ̀ rẹ̀ ní kóòtù ni iye tí gáàsì ní lẹ́nu kànga, kí gbogbo ìnáwó yẹn tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n á wá mú iye tí wọ́n tà á sọ́jà, wọ́n á yọ ìnáwó kúrò, wọ́n á fún yín ní ìdá nínú èyí tó kù. Àwọn onílẹ̀ kan fi gbólóhùn kún líìsì wọn pé kí wọ́n má yọ kọ́bọ̀. Síbẹ̀, nínú ẹjọ́ Heritage Resources àti NationsBank ní 1996, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní gbólóhùn yẹn kò yí nǹkan kan padà, torí pé "at the well" ṣì wà nínú líìsì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi báírò pa ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn rẹ́, kí ẹ sì kọ pé iye tí ẹni tí kò bá ilé iṣẹ́ náà tan san gan-an ni ìdá yín máa jókòó lé. Àwọn onílẹ̀ kan ní káńtì Karnes àti DeWitt tún lọ jìnnà sí i. Líìsì wọn ní bí ẹni tó ra epo bá ti yọ owó ìgbékiri kúrò kó tó sanwó, kí wọ́n dá owó yẹn padà sórí iye náà kí wọ́n tó ṣírò rọ́yátì. Ilé iṣẹ́ Devon bá wọn dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ. Ní 2023, àwọn onílẹ̀ ló jàre. Ohun tí wọ́n kọ ni ilé ẹjọ́ tẹ̀ lé, bó ṣe tẹ̀ lé ohun tí àwọn ti 1996 kọ.

Èyí tó tún ń múni ni bí kànga kan ṣe lè so gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo lè da ilẹ̀ onírúurú èèyàn pọ̀ di ẹyọ kan, ká ní éékà 640, kí wọ́n gbẹ́ kànga sínú rẹ̀. Ká ní ẹ ní éékà 100, tí 20 nínú rẹ̀ bọ́ sínú ẹyọ yẹn. Orí 20 yẹn ni wọ́n á ti máa san rọ́yátì, àmọ́ líìsì ti dè gbogbo 100. Éékà 80 tó kù á wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́, ẹ kò sì ní lè fi yá ẹlòmíì. Lọ́yà kan ní Crowley, Louisiana, tó ń jẹ́ Lawrence Pugh, ló kọ gbólóhùn tó tú u ní 1947: nígbà tí apá àkọ́kọ́ bá parí, ilẹ̀ tí kò sí nínú ẹyọ tó ń mú epo jáde bọ́ kúrò nínú líìsì. Pugh clause ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ẹ fi ti ìjìnlẹ̀ kún un, pé ohun tó bá jìn ju ibi tí kànga ń fa epo lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 100 padà sọ́wọ́ yín, torí epo lè wà ní ìpele mẹ́ta sí mẹ́rin lábẹ́ ilẹ̀ kan náà, pàápàá ní agbègbè Permian ní ìwọ̀-oòrùn Texas.

Kí ẹ sì pa gbólóhùn ìdúró-fún-ìwé rẹ́. Fọ́ọ̀mù máa ń ní kí onílẹ̀ jẹ́rìí pé epo jẹ́ tòun láìsí àríyànjiyàn. Bí ìwé 1940 kan bá wá jáde lẹ́yìn náà, wọ́n lè ní kí ẹ dá bónọ́ọ̀sì padà. Landman ló yẹ ìwé wò. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Òkè ilẹ̀ àti omi iyọ̀

Ibi tí wọ́n á gbẹ́ kànga sí máa ń gba éékà mẹ́ta sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì da òkúta caliche funfun bò ó kó le. Tirela á máa wọlé jáde lọ́gọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún nígbà tí wọ́n bá ń ti omi àti iyanrìn sínú kànga láti fọ́ àpáta. Ohun tí ẹ kò bá kọ sílẹ̀ kò sí. Ẹ kọ ibi tí ọ̀nà máa gbà àti bó ṣe máa fẹ̀ tó, pé páìpù máa wà ní ínǹṣì 36 nísàlẹ̀ ó kéré tán, pé wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀ kí wọ́n sì dá a padà sókè lẹ́yìn iṣẹ́, pé ẹnubodè tó ń dí màlúù á wà níbi tí wọ́n bá ti gé ọgbà. Bí wọ́n bá da iyẹ̀pẹ̀ òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, koríko kò ní hù dáadáa lórí ojú páìpù yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ lè rí ilà rẹ̀ láti ojú ọ̀nà.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ ní kí yàrá àyẹ̀wò tó ní ìwé ẹ̀rí wá bu omi kànga mímu yín fúnra wọn. Kí wọ́n wò ó fún iyọ̀, methane àti benzene. Bí omi bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún kan tí kò sí èsì àtìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ kò sì ní ohun tí ẹ máa fi dá wọn lóhùn.

Omi iyọ̀ tó ń bá epo jáde ni ìjà tuntun. Ní Permian, kànga lè tú àgbá omi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ síta fún àgbá epo kan, iyọ̀ rẹ̀ sì ju ti òkun lọ dáadáa. Ìdọ̀tí ni wọ́n kà á sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ tún lò, ó di ohun tó ń mówó wá. Àwọn onílẹ̀ kan ní káńtì Reeves ta ẹ̀tọ́ omi yìí fún ilé iṣẹ́ Cactus, wọ́n gbà pé omi jẹ́ ti ẹni tó ni òkè. Ilé iṣẹ́ COG tó gba líìsì epo ní rárá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Texas dá COG láre: omi tó bá epo jáde ń tẹ̀ lé líìsì epo, àfi bí ìwé náà bá yọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Líìsì àtijọ́ tí kò dárúkọ omi yìí ti gbé e fún ilé iṣẹ́ epo nìyẹn. Ẹni tó máa buwọ́ lù ú lónìí ṣì lè kọ ọ́ pé omi iyọ̀ kò sí lára ohun tí òun fi yá wọn, tàbí pé bí wọ́n bá tà á, kí òun ní ìpín.

Bí wọ́n kò bá tà á, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á padà sí, ìyẹn sì ti dá ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan tó lé ní 5 lórí òṣùwọ̀n ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Texas ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ yín ṣe ibi ìdalẹ̀ omi láti orí kànga ẹlòmíì láìsí àdéhùn àti owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó ń lọ ní ìtòsí yín

Railroad Commission of Texas ló ń ṣàkóso epo níbẹ̀. Ọdún 1891 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin. Láti 2005, ọkọ̀ ojú irin kò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́, orúkọ kò sì yí padà. Máàpù rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá káńtì yín, ẹ ó rí kànga kọ̀ọ̀kan àti ilà tó fi rìn lábẹ́ ilẹ̀. Nọ́ńbà kànga ní Texas ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 42, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti káńtì, márùn-ún tó kù jẹ́ ti kànga náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí gbogbo ìwé tó kù ni ẹ ó fi nọ́ńbà yẹn wá.

Fọ́ọ̀mù W-1 ni ìwé àṣẹ gbígbẹ́. Rírí W-1 kò túmọ̀ sí pé kànga wà. Ó lè pé ọdún méjì kí ó sì kú láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ilẹ̀. W-2 fún epo tàbí G-1 fún gáàsì ló ń sọ pé kànga ti parí. P-12 ni ẹ gbọ́dọ̀ wò dáadáa, torí níbẹ̀ ni orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n dà pọ̀ àti éékà kọ̀ọ̀kan wà. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ 10 tí wọ́n kọ 8 síbẹ̀, àṣìṣe yẹn á wà lára gbogbo sọ̀wédowó yín. Òfin ìjìnnà gbogbogbòò ní kí kànga jìnnà sí ààlà líìsì ní ẹsẹ̀ bàtà 467, àmọ́ agbègbè epo mélòó kan ní òfin tiwọn, Commission sì lè gbà kí ẹnì kan sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí lẹ́tà bá dé pé aládùúgbò yín ń béèrè irú àyè yẹn, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún yín láti takò ó; ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀.

Sọ̀wédowó

Lẹ́yìn tí epo bá ti ń lọ sọ́jà, wọ́n á fi ìwé division order ránṣẹ́. Nọ́ńbà gígùn kan wà nínú rẹ̀, òun ni ìpín yín. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Éékà 10 tí ẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin epo rẹ̀ jẹ́ éékà 2.5. Bí ẹyọ tí wọ́n da ilẹ̀ pọ̀ sí bá jẹ́ éékà 640, tí rọ́yátì yín sì jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ pín in pẹ̀lú 640, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lọ́po rẹ̀: 0.00078125. Bí ẹyọ náà bá ta àgbá 20,000 lóṣù ní dọ́là 70, ó jẹ́ $1,400,000. Ìpín yín jẹ́ $1,093.75. Owó orí Texas lórí epo jẹ́ ìdá 4.6 nínú 100, ti gáàsì jẹ́ 7.5. Lẹ́yìn owó orí, ó ku $1,043.44. Bí akọ̀wé wọn bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kọ líìsì yín sínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà á di 0.00048828, ẹ ó sì máa pàdánù $410 lóṣooṣù láìmọ̀. Ọdún mẹ́rin ni òfin sábà ń fún yín láti fi gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà ní kóòtù.

Sọ̀wédowó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ 120 lẹ́yìn ìparí oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ ta epo. Lẹ́yìn náà, ó jẹ́ ọjọ́ 60 fún epo, 90 fún gáàsì. Lára bébà tó bá a wá, ẹ wo oṣù tí wọ́n ń san, iye àgbá, iye tí wọ́n tà á, owó orí, àti ìlà tí wọ́n kọ ìyọkúrò sí. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá "at the well" ṣì wà nínú líìsì yín. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka rọ́yátì sí owó tó wọlé, ilé iṣẹ́ tó ń san án á sì fi fọ́ọ̀mù owó orí tí wọ́n ń pè ní 1099-MISC ránṣẹ́. Ẹni tó ń gba rọ́yátì sábà máa ń lè yọ ìdá 15 nínú 100 kúrò nítorí pé epo ń tán lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ aṣèṣirò owó orí tí kò mọ iṣẹ́ yìí kì í rántí. Káńtì náà á tún máa gba owó orí lọ́dọọdún lórí epo tó ń jáde.

Ogún

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ilẹ̀ ẹbí bá fẹ́ lọ, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Kò sí olórí ẹbí nínú òfin epo Texas. Bí bàbá bá kú tó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fi ìpín tirẹ̀ yá ilé iṣẹ́ epo láìbi ẹnikẹ́ni. Landman mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lè lọ bá ẹni tí owó ń pọ́n lójú jùlọ ní àkọ́kọ́, kó gba líìsì ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, kó wá fi ìwé yẹn han àwọn tó kù pé iye tí ẹ̀gbọ́n yín gbà nìyí. Ẹ sọ̀rọ̀ láàárín ara yín kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé. Ọmọ tó wà ní Ìbàdàn tí kò ní nọ́ńbà owó orí Amẹ́ríkà náà ní ìpín. Bí ilé iṣẹ́ kò bá rí i tàbí tí ìwé ogún kò bá sí ní káńtì, wọ́n á dá owó rẹ̀ dúró, tó bá pẹ́, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ olùṣirò owó ìpínlẹ̀ Texas, níbi tó máa wà títí ẹni tó ni ín á fi wá a wá.

Nígbà tí líìsì bá parí, láìsí kànga tàbí lẹ́yìn tí kànga bá gbẹ, kì í kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé káńtì. Bí kànga bá ti wà, ẹ wá W-3, ìyẹn fọ́ọ̀mù tó fi hàn pé wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí i, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín, torí ẹni tó máa ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ yín máa béèrè rẹ̀.